Awọ Ẹsẹ̀ Òṣìṣẹ́ àti Owó Ilẹ̀ Wa

Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí nípa awọ ní Zaria dá a lábàá pé kí a ṣe òfin tí yóò fi òpin sí jíjẹ pọ̀nmọ́, kí awọ màlúù lè tó àwọn ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Ariwo ta. Àwọn kan bínú nítorí ọbẹ̀, àwọn mìíràn sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú gbogbo awuyewuye náà, díẹ̀ ni a gbọ́ nípa awọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò, tí ó di bàtà búùtù lẹ́sẹ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀ràn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí kò kéré bí ó ti jọ lójú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ yìí ni àwọn ará Kánò àti Sókótó ti ń fi èso igi bàgárúwà ṣe awọ ewúrẹ́, tí ràkúnmí sì ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Nígbà tí ó bá dé Yúróòpù, awọ Mòrókò ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ jẹ́ tiwa, orúkọ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Títí di òní, púpọ̀ nínú awọ tí a ń ṣe ní Kánò ni ó ń lọ sí Ítálì àti Sípéènì, kí wọ́n tó sọ ọ́ di bàtà àti àpò níbẹ̀. Awọ màlúù tí ó nípọn, tí ó yẹ fún búùtù iṣẹ́, ni àwa ń sè jẹ. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ní àwọn oníbàtà tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ ní Àbá, búùtù òkè òkun, tuntun tàbí òkìríkà, ṣì pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wa.

Owó rẹ̀ ń kọ́? Kí Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí náírà 470 ni a fi ń ra dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní 1,500. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí búùtù rẹ̀ ìbá lò ọdún mẹ́ta, tí ó sì jẹ́ kí ó bàjẹ́ láàrin ọdún kan, ìlọ́po mẹ́ta ni ó ń san nínú owó kékeré yìí, ilẹ̀ wa sì ń bá a san án.

Kí ni ó ń pa búùtù? Àìbìkítà lẹ́yìn iṣẹ́ ni, ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rá wà nínú awọ, àwọn tí ó ṣe é ni ó fi í sí i. Omi, oòrùn àti sìmẹ́ńtì ni ó ń jí ọ̀rá náà kó. Sìmẹ́ńtì ni ó burú jù, nítorí pé ó ń jẹ awọ gẹ́gẹ́ bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ ti ń jẹ ọwọ́.

Èkínní, bí iṣẹ́ bá ti parí, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹrẹ̀ dànù, kí a sì fi àkísà tútù nu sìmẹ́ńtì kí ó tó gan. Èkejì, bí bàtà bá rin, kí a tú okùn rẹ̀, kí a ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀ (àní èyí tí ẹ ń kà yìí, bí ẹ bá ti kà á tán), kí a gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ ibòji. Bàtà tí a sá sí oòrùn tàbí tí a gbé sẹ́bàá iná a máa le, kì í sì í pẹ́ kí ó tó là. Ẹ̀kẹta, bí awọ bá ń gbẹ, kí a fi òróró awọ tàbí òrí díẹ̀ pa á, pàápàá ní ojú rírán. Àpọ̀jù òrí a máa sọ awọ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Epo pupa àti òróró ọbẹ̀ a sì máa yí òórùn padà. Pólíṣì ń mú bàtà dán, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ òróró. Ẹ̀kẹrin, kí a tètè gbé okùn rírán tí ó já lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kí ó tó di ihò. Ṣùgbọ́n bí irin imú bàtà bá ti tẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pá, kí a má ṣe tún un ṣe mọ́: ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe iyebíye ju bàtà lọ.

A kò gbàgbé àwọn agbanisíṣẹ́. Òfin Ilé Iṣẹ́ ilẹ̀ wa pa á láṣẹ pé kí a pèsè bàtà tí ó yẹ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kí ó fara kan omi púpọ̀ tàbí ohun tí ó lè pa á lára. Ẹni tí ó bá pèsè bàtà, kí ló dé tí kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan àti agolo òróró kan sẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi ìtọ́jú bàtà kún ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó wù wá kí búùtù tí a fi awọ tiwa ṣe pọ̀ ní gbogbo ọjà wa. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò mọ ìtọ́jú bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìtọ́jú ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe bàtà náà?