Ẹ Lọ Wo Ibi Tí Wọ́n Dé

Ẹ̀yin ará wa, púpọ̀ nínú wa ló ti dé Badagry. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, a ti rìn nínú iyanrìn gbígbóná dé etí òkun, a sì ti ya fọ́tò níbi tí wọ́n sàmì sí pé ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ kì í padà wá mọ́. Àwọn mìíràn ti dé Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti rí ti ibẹ̀ náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ìyẹn. Àwa mélòó ló ti wo oko tí wọ́n kó àwọn ẹrú náà dé?

Mo fẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ lọ wo ọ̀kan nínú àwọn oko náà. Erékùṣù Kúbà ló wà, lẹ́bàá ìlú kan tó ń jẹ́ Trinidad. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Trinidad o. Ìlú kékeré ni, láàárín Kúbà, lápá gúúsù. Tẹ́ ẹ bá jáde nílùú náà, tẹ́ ẹ rin nǹkan bíi kìlómítà 15, ilẹ̀ á tẹ́jú, òkè á wà lápá kan, koríko á gba ojú ilẹ̀ lọ súà. Valle de los Ingenios làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ìyẹn àfonífojì àwọn ilé-iṣẹ́ ṣúgà. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé lọ́dún 1988, òun àti ìlú Trinidad. Nígbà tí ọjà ṣúgà ń tà, ilé-iṣẹ́ tó lé ní 50 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1827, ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ju 11,000 lọ.

Ìrèké. Òun la fi ń wúre fọ́mọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: kí ayé ẹ dùn. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń di ṣúgà láyé ìgbà yẹn, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ibẹ̀, àwókù ilé lásán ló máa rí.

Tí wọ́n bá ti bẹ́ ìrèké lóko, kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó fún un, torí omi inú rẹ̀ á kan. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kì í fi í dá tọ̀sántòru lásìkò ìkórè, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún. Àwọn kan ń bẹ́ ẹ, àwọn kan ń fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà kó o wálé, àwọn kan sì dúró lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń kì í bọ àárín irin tó ń yí. Ẹni tóorun bá gbé lọ níbẹ̀ lóru, ọwọ́ ẹ̀ ló ń bá ìrèké wọlé. Káàkiri oko ṣúgà ilẹ̀ Caribbean, wọ́n máa ń fi àdá mímú kan sítòsí ẹ̀rọ. Kì í ṣe torí ìrèké. Apá ẹni tí irin bá gbá mú ni wọ́n gbé e sílẹ̀ dè.

Omi tí wọ́n bá fún á bọ́ sínú agbada tó tò tẹ̀léra, èyí tó tóbi ń bọ́ sínú èyí tó kéré, iná kan ṣoṣo sì ń jó lábẹ́ gbogbo wọn. Ẹni tó ń fi ìgbakọ ńlá bù ú láti agbada dé agbada ń fara gba ooru yẹn láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tó bá ki tán, wọ́n á dà á sínú ìkòkò amọ̀ tó rí ṣóńṣó nídìí, tí wọ́n dá ihò sí nísàlẹ̀. Oje dúdú á máa kán jáde lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Èyí tó wà lókè á funfun, èyí tó wà nídìí á pọ́n, iye tí wọ́n ń ta èyí kò sì dọ́gba pẹ̀lú tọ̀hún.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń lọ wò jù níbẹ̀ ni ilé-ìṣọ́ Manaca Iznaga. Alájà méje ni, gíga rẹ̀ tó mítà 45, ìdílé Iznaga tó ni oko náà ló sì kọ́ ọ lọ́dún 1816. Àwọn afinimọ̀nà á sọ fún yín pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló ń figa gbága, pé ọ̀kan kọ́ ilé gogoro, èkejì gbẹ́ kànga. Àlọ́ dídùn ni. Ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí ilé-ìṣọ́ ń ṣe. Agogo ńlá kan wà lókè rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ parí, àti ìgbà àdúrà. Òun náà ni wọ́n ń lù bí iná bá sọ lóko, tàbí bí ẹrú bá sá. Ilẹ̀ ni agogo náà wà báyìí, nítòsí ilé olóko, àwọn àlejò ń dúró tì í ya fọ́tò. Ẹ gun àtẹ̀gùn onípákó yẹn dókè. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi fóònù sápò ná, kẹ́ ẹ wo ilẹ̀. Kò síbi tí ènìyàn lè lúgọ sí.

Ẹ má rò pé Yorùbá ni gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ọmọ Kóńgò pọ̀, àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Carabalí àti Mandinga náà wà. Àwọn tiwa ni wọ́n ń pè ní Lucumí. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, ni wọ́n wá pọ̀ ní Kúbà. Òfin ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ láti 1820, àmọ́ ọkọ̀ kò yéé kó wọn dé títí di nǹkan bí 1867. Ká má tanra wa, kì í ṣe òyìnbó ló wọ igbó lọ mú púpọ̀ nínú wọn. Àwa la mú wọn, àwa la tà wọ́n.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe ọ̀gá lé àwọn àtọmọdọ́mọ wọn lórí. Ẹ máa gbọ́ tí olórìṣà ń sọ pé “moyubá” kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ̀ṣà ní “iyawó”, ẹ sì lè rí “olelé” lórí àwo níwájú òrìṣà, tó jẹ́ pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ tiwa náà ni. Ohùn ọ̀rọ̀ náà kò bá tilé mu mọ́. Ẹ má tún un ṣe fún wọn bíi tíṣà. Ọ̀rọ̀ tó la inú bárékè ẹrú kọjá ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí àwọn ènìyàn yìí bá wá bá wa ní Òṣogbo lóṣù Kẹjọ, ká yéé sọ ọ́ lẹ́yìn wọn pé àkátá ni wọ́n.

Bí ẹ bá ráyè ọjọ́ kan sí i, ẹ yà sí Triunvirato ní Matanzas. Oko ṣúgà ni òun náà. Níbẹ̀ ni Carlota, obìnrin Lucumí kan, ti kó àwọn ẹrú jà lóṣù Kọkànlá 1843. Wọ́n pa á. Nígbà tí Kúbà kó sójà lọ sí Àǹgólà lọ́dún 1975, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ogun náà. Mi ò tíì bá ọmọ iléèwé kan pàdé nílé wa tó gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ní ti àfonífojì tá a kọ́kọ́ sọ, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣá nígbà tó yá. Wọ́n ti gé igbó dáná agbada tán, ṣúgà tí wọ́n ń fi bíìtì ṣe ní Yúróòpù ba ọjà jẹ́, ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1868, ìmúnilẹ́rú fúnra rẹ̀ sì dópin pátápátá lọ́dún 1886. Owó sá lọ síbòmíràn. Torí pé kò sówó, kò sẹ́ni tó wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Òṣì ló bá wa tọ́jú ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti oṣù Kìíní 2021 kò lè fi ESTA (àṣẹ ìwọ̀lú orí íńtánẹ́ẹ̀tì) wọ Amẹ́ríkà mọ́, àfi kó lọ gba físà. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, òfin tiyín kò gbà kẹ́ ẹ lọ ṣe fàájì lásán níbẹ̀, ẹ ka àwọn ìdí tó fàyè gbà dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó owó lọ́wọ́, torí káàdì báńkì yín kò ní ṣiṣẹ́. Iná mànàmáná wọn ń ṣe bíi tiwa, epo ọkọ̀ ń wọ́n wọn. Ẹ gba yàrá nílé ará ìlú, ẹ jẹun wọn, ẹ ra aṣọ funfun oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin ń tà nídìí ilé-ìṣọ́. Ẹ má ná an pa wọ́n.

Lẹ́yìn ilé olóko ní Manaca Iznaga, ẹ̀rọ ìfúnrèké kan wà tí wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò tì. Kí ẹ tó gba ife tí wọ́n bu omi ìrèké sí, ẹ tì í, ẹ yí i ká dáadáa títí èjìká yín á fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ jẹ́ kí òun náà tì í.