Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Padà Wo Ìwé

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ń padà wo ohun tó ti kà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: àgbà. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, àgbà náà ni. (Lẹ́tà kan ni gb o! Kọ̀ǹpútà tó bá pín in sí méjì á ní kò rí bẹ́ẹ̀.) Ọkọ náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àmì ohùn.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà gùn tó 1,000 lẹ́tà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí a ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpadà sẹ́yìn, ní láti há 500 lẹ́tà sórí kó tó lè dáhùn. Èyí tó láyè láti máa lọ kó máa bọ̀, lẹ́tà kan péré àti ibi tó dé ló ń rántí. Láti 1965 ni Stearns, Hartmanis àti Lewis ti ń ṣírò irú ìrántí báyìí.

Oríkì yàtọ̀, ẹnìkan kì í wo ìwé ki ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń padà wo ojú ìwé kì í ṣe olódo.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá ọ̀rọ̀ márùn-ún míì tó rí bí àgbà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ lè wo ìwé.