Akọ̀wé Ládìpọ̀ àti Iṣẹ́ Ẹrú

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lóde òní, ẹnu àwọn ọ̀gá ni mo ti sábà ń gbọ́ òwe yìí, ibẹ̀ gan-an ni kò sì yẹ kó ti máa jáde. Àgbà tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló yẹ kó pa á fún ẹni tí wọ́n rán. Bí ẹni tó ránṣẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pa á, ó ti sọ ọ́ di pàṣán.

Ẹ wo Ládìpọ̀, ọjà pátì mọ́tò tó wà ní Mushin, nítòsí títì márosẹ̀ tó ti Àpápá lọ sí Òṣòdì. Èbúté Àpápá àti Tin Can ni kọ̀ǹténà ń gbà wọlé, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ láti Jàpáànù, Jámánì àti Amẹ́ríkà kún inú wọn bámúbámú. Gbogbo ayé ló ń rí alábàárù àti mẹ́káníìkì. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí, tó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ta ló ń kíyè sí i?

Iṣẹ́ tí ọ̀gá ń rán an kì í gùn: "Kọ wébílì ẹ̀, kó máa lọ." Ẹni tó bá jẹ́ ẹ bí ẹrú á kọ "ẹ́ńjìnnì kan, Ìlọrin", ó bùṣe. Ẹni tó fi tọmọ jẹ́ ẹ á wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ́ńjìnnì náà, á kọ ọ́, á ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀rá wé e. Á rí i pé ọ́ìlì ti ro tán nínú rẹ̀, kó má lọ ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Á gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí oníbàárà gbé ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ dé pé èyí tí wọ́n tà fún òun nìyí, ìwé yẹn ni yóò gba ọ̀gá sílẹ̀.

Àwọn tó ṣètò nọ́ńbà kọ̀ǹténà fún gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń rẹ akọ̀wé lójú. Lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7 ni, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ èsì ìṣirò tí wọ́n fi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Bí ènìyàn bá ṣi ọ̀kan kọ, kọ̀ǹpútà lè tú u fó. Ìwé tí wọ́n ń fi bíírò kọ ní Ládìpọ̀ kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀gá bá wá ní kó kọ 6 níbi tí ẹrù ti jẹ́ 8 ńkọ́? Mo rò pé òwe náà ní ìdáhùn. Ọmọ lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, èyí ò dáa." Ẹrú ò tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọmọ a máa jogún. Láàárín àwọn oníṣòwò Igbo tó pọ̀ ní Ládìpọ̀, ọmọ tó bá sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò fún un lówó okòwò, kó lọ dá dúró. Akọ̀wé tó ń gba owó oṣù kò ní irú ọjọ́ yẹn níwájú. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di ₦70,000 lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 ti yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí mélòó ní Ládìpọ̀ ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ọ̀gá á pa òwe, akọ̀wé á fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, owó oṣù á sì jẹ́ ti ẹrú.

Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ó ti mọ ẹ́ńjìnnì tó ń yá lọ́jà àti èyí tó ń jókòó, nọ́ńbà àwọn oníbàárà Ìlọrin àti Àkúrẹ́ sì wà nínú fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba ìsọ̀ kẹta sí ti ọ̀gá, ọ̀gá á figbe ta pé ó kó oníbàárà òun lọ.