Ẹ Kú Ọdún Kejì, Ẹ̀yin Èrò Blue Line!

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin èrò Mile 2! Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ará Sùúrù-Alábà, Orílé, National Theatre àti Marina! Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line wa ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ló sì pé ọdún méjì géérégé. Ẹni tó bá ti dúró rí ní Mile 2 láago márùn-ún ìdájí, tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo “CMS! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”, tí gbogbo èèyàn ń du ààyè ẹyọ kan ṣoṣo, kò níí bi wá pé kí ló fa ijó.

Bí a ti ń jó, ká rántí Bàbá Kékeré. Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yìí fún Èkó lọ́dún 1983, àwọn ológun sì wọ́gi lé e ní 1985. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni Bàbá papò dà, ọkọ̀ ò sì tíì gbéra nígbà náà. Ó dùn mí títí di òní. Bàbá, ọkọ̀ tí ẹ lálàá rẹ̀ ti ń rìn o.

Èyí tó wú mi lórí jù rèé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìrìn 12 péré ni ọkọ̀ náà ń rìn lójúmọ́, epo dísù ló sì fi ń rìn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, iná mànàmáná dé, ìrìn 12 di 54. Wọn ò so kọ́ọ̀ṣì kankan mọ́ ọn. Mẹ́rin náà ni. Síbẹ̀, ààyè tó ṣí sílẹ̀ fún èrò di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀, torí pé ọkọ̀ ń tètè padà wá gbé ẹni tó kù. Ọkọ̀ oníná kì í pẹ́ sáré, kì í pẹ́ dúró. Yàrá awakọ̀ wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Bó bá dé Marina, awakọ̀ á kàn rìn lọ sí ìdí kejì, ó tún di Mile 2. Ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ló ń tọ̀ fún kìlómítà 13, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ náà. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ bàtà iṣẹ́ láti inú ọ̀rá, ó rọra wọ̀ ọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?” Mo ní ogún ìṣẹ́jú ti kọjá aago mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Tẹ́lẹ̀, àfi kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ lójú oorun. Ní báyìí, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ kí n tó jáde.” Nígbà tí ọkọ̀ gun afárá orí omi, ó fi iwájú orí ti gíláàsì fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Marina.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tún irin ṣe lóru, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀, a kí yín, a tún yín kí! Ẹ̀yin èrò Red Line náà, ẹ máa bá wa yọ̀. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2024 lẹ ti ń wọkọ̀ láti Agbádó dé Òyìngbò. Ọkọ̀ tiyín ń bá ti Èkó sí Ìbàdàn pín irin, kò sì lè rìn léraléra bíi tiwa. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba kọjú sí báyìí: ẹ fún Red Line ní irin tirẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí èrò yóò ṣe rọ́ wá.

Ẹ̀yin ará Okokomaiko, a ò gbàgbé yín. Láti Mile 2 dé ọ̀dọ̀ yín, kìlómítà 14 ló kù. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ fọn fèrè níbẹ̀, èmi gan-an á wá bá yín jó níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró dè é. Ọdún á yabo o!