Ìrora Kọ́ Ni Ẹ̀kọ́: Èsì fún Àwọn Tó Ní Kí Ọmọ Onífáólìnì Máa Fara Dà Á

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá akọrin ìlú Kàdúná, láti Kawo títí dé Sabon Tasha, irọ́ kan wà láàárín wa tó yẹ ká tú fó. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń kọ́ fáólìnì, dandan ni kí ọrùn máa dùn ún. Bó bá pẹ́, á mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún 8 á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọrùn ń dùn mí.” Wọ́n á ní, “Fara dà á jàre, bí gbogbo wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn.”

Ohun tó ń mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára kì í ṣe orin, ìdúró wíwọ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa: èjìká òsì ti gòkè débi etí, orí ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àtàǹpàkò ti di ọrùn fáólìnì mú pinpin. Ọwọ́ tó yẹ kó máa sáré lórí okùn ti di alárùú. Ẹ ní kó gbé ìka sókè, kò lè gbé e, nítorí bó bá tú ọwọ́, fáólìnì á bọ́. Ẹ wá ń pè é ní ọ̀lẹ.

Àlàfo ló fà á. Fáólìnì kò nípọn. Àlàfo kan wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti èjìká, òmíràn wà láàárín ojú rẹ̀ àti àgbọ̀n. Tìmùtìmù èjìká, ìyẹn shoulder rest, ló ń dí ti ìsàlẹ̀. Pátákó àgbọ̀n ló ń dí ti òkè. Bí a kò bá fi nǹkan dí i, ara ọmọ ni yóò dí i. Onígòjé Hausa kì í fi àgbọ̀n há gòjé tirẹ̀: ara ló fi ń gbé igbá rẹ̀ ró, ọwọ́ rẹ̀ sì rí àyè ṣeré.

Wọ́n á ní àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kò lo tìmùtìmù èjìká. Òótọ́ ni, Jascha Heifetz kò lò ó, Anne-Sophie Mutter náà kò lò ó. Ṣùgbọ́n Hilary Hahn ń lò ó, ta ló máa sọ pé kò mọ fáólìnì ta? Ìka ò dọ́gba: ọrùn ẹlòmíràn gùn, èjìká ẹlòmíràn dà sílẹ̀. Ẹ sì bi àwọn tó ń pè é ní ìkẹ́ra: kí ni pátákó àgbọ̀n ń ṣe lórí fáólìnì tiwọn? Louis Spohr ará Jámánì ló gbé e dé ní nǹkan bí ọdún 1820. Ṣé ìkẹ́ra àgbà ló dára, tọmọdé ló burú?

Àwọn mìíràn ní ká ra fáólìnì tó tóbi, kọ́mọ dàgbà bá a. Fáólìnì kì í ṣe ẹ̀wù ọdún. Ó ní ìwọ̀n: 1/8, 1/4, 1/2, 3/4, kó tó kan odindi. Tìmùtìmù odindi kò lè di fáólìnì 1/4 mú.

Kẹ́ ẹ tó náwó ra tìmùtìmù, ẹ tọrọ àjákù fóòmù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àga ní Kakuri, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀yìn fáólìnì. Kí ọmọ dúró, kó sọ apá sílẹ̀, kó mí, kó wo iwájú. Ẹ gbé fáólìnì lé eegun tó nà láti ìdí ọ̀fun lọ sí èjìká. Ẹ máa bu fóòmù kún un tàbí kẹ́ ẹ dín in kù, títí àlàfo yóò fi dí láìjẹ́ pé èjìká dìde. Bí àgbọ̀n kò bá tíì kan pátákó, ẹ wá pátákó tó ga sí i. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbé fóòmù ga jù, torí fáólìnì á kúrò lórí eegun náà, apá tó ń fa ọrun á sì máa rìn lókè títí á fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kó tú ọwọ́ òsì sílẹ̀. Bí fáólìnì bá dúró láìjẹ́ pé ọmọ fún eyín pọ̀, ó ti tọ́. Ẹ tún un wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ ń ga.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bọ́mọ bá tún ní ọrùn ń dun òun, ẹ dá orin dúró, ẹ tú rọ́bà, ẹ tún un dì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọmọ tí ìrora lé kúrò nídìí fáólìnì kò ní bá wa ta á lọ́jọ́ Kérésìmesì.