Berom Kì Í Ṣe Haúsá

Ó tó gẹ́ẹ́. Níbi ìkómọ kan ní Bukuru, nítòsí Jos, àlejò tó ti Ìbàdàn wá tọ́ka sí àwọn Berom tó ni ilẹ̀ tí a jókòó lé, ó ní "àwọn Gàm̀bàrí yìí mà lawọ́ o!" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bí n kò bá kọ ìwé yìí, inú bíbí ni yóò pa mí.

Èrò wọn náà rèé, bí ẹnu mi tilẹ̀ kọ̀ ọ́: ẹni tó bá ti jẹ́ ará Òkè Ọya, tó sì ń sọ Haúsá lọ́jà, Haúsá ni. Berom, Afizere, Anaguta, Ngas, Mwaghavul, Tarok, wọ́n ní ẹ̀ka Haúsá lásán ni gbogbo wọn, bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ṣe jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá. Ọ̀mọ̀wé ni àwọn tó ń sọ ọ́ lójú ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti èdè, torí ibẹ̀ ni irọ́ yìí ti ta gbòǹgbò jù. Àwọn onímọ̀ èdè ti to èdè ilẹ̀ wa sí ìdílé ìdílé tipẹ́. Haúsá bá Lárúbáwá tan, ó bá èdè Hébérù tan, ó bá Amharic ti Ethiopia tan. Berom kò sí níbẹ̀ rárá. Agbo ilé Benue-Congo ni tirẹ̀, níbi tí wọ́n ka Yorùbá mọ́. Ẹ tún un kà! Ẹni tí ẹ ń pè ní Gàm̀bàrí, èdè rẹ̀ sún mọ́ tiyín ju bó ṣe sún mọ́ ti Kano lọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Berom ní, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Haúsá kò ní ohùn àárín. Luc Bouquiaux ti tẹ ìwé ńlá lórí gírámà Berom jáde ní Paris láti 1970. Òyìnbó ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ọ. Àwa tí a ń bá wọn gbé kò bèèrè.

Ẹ bá àgbà Berom ṣírò nǹkan. "Tat" ni ẹ̀ta rẹ̀. "Uku" ni Haúsá ń pè é. Èwo ló jọ tiwa? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, mo mọ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Ẹ̀wá, "goma", ni Haúsá fi ṣe ìdí ìṣirò. Àwọn àgbà Berom kì í dúró lórí ẹ̀wá. Méjìlá ni tiwọn, wọ́n ń pè é ní "kuru". Mọ́kànlá wọn, "shaagwining", ni méjìlá tí a yọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀wá, "shaaba", a yọ méjì. Ẹ̀sán, "shaatat", a yọ mẹ́ta. Lóòótọ́, iléèwé àti ọjà ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọdé wọn di oníẹ̀wá báyìí. Ṣùgbọ́n irú èèyàn wo ló tún ń fi yíyọ kúrò ṣírò, tó ń pe 16 ní ẹ̀rìndínlógún, 17 ní ẹ̀tàdínlógún? Ẹ dá mi lóhùn!

"Ṣebí Haúsá ni wọ́n ń sọ ní ọjà Terminus ní Jos." Èmi náà fi Haúsá ná tòmátò láàárọ̀ yìí, ṣé mo ti di ará Kano?

Ti ẹ̀sìn: Kristẹni ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Berom, wọn kì í ṣe Mùsùlùmí bí ọ̀pọ̀ Haúsá.

Ti ìjọba: Ìlọrin bọ́ sábẹ́ Sókótó lẹ́yìn Àfọ̀njá, síbẹ̀ ẹni tó bá pe ará Ìlọrin ní Haúsá yóò rí ìjà yín. Àwọn ẹlẹ́ṣin Bauchi kò ṣẹ́gun Berom lórí òkè wọn, àwọn lẹ wá sọ di Haúsá!

Ti Gowon tó ṣe olórí Nàìjíríà rí, tí bàbá yín ń pè ní Haúsá: Ngas ni. Èdè Ngas bá Haúsá tan níbi tó jìnnà (mo gbà, ẹ má yọ̀ mọ́ mi). Gẹ̀ẹ́sì náà bá Jámánì tan. Ẹ lọ pe ará London ní ará Jámánì kẹ́ ẹ wò ó.

Mo máa ń rántí àwọn Kurd. Turkey, Iraq, Iran àti Syria ló pín ilẹ̀ olókè wọn mọ́ra. Èdè wọn bá ti Páṣíà tan, kò bá ti Turkey tan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Turkey fi ń pè wọ́n ní "Turk orí òkè". Ní 1991, Leyla Zana fi gbólóhùn kan ní èdè Kurd kún ìbúra rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ariwo ta. Ní 1994 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, 2004 ló tó jáde. Ìjọba ló fipá sọ ibẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ta ló fipá mú àwa? Ọ̀fẹ́ la ń ṣe tiwa, a tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ní 2001, 2008 àti 2010, ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Jos lórí ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò: Berom, Afizere àti Anaguta lápá kan, Haúsá òun Fúlàní lápá kejì. N kò dá ẹjọ́ náà níbí, n kò sì bá Haúsá jà. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kí lo rò pé ó pa àwọn èèyàn yẹn?

Rélùwéè dé Bukuru ní 1914. Òun àti iṣẹ́ ìwakùsà ló kó àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà gòkè wá sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó kù kò le. Ẹ bi èèyàn léèrè ìran rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ Gyang, Dung, Chuwang tàbí Pam, Berom ni. Bí ó bá jẹ́ àgbà ọkùnrin, ẹ fi "Da" ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà obìnrin, "Ngo".