Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tàbí tí wọ́n fi físà dù ú, òwe tí àgbà sábà máa fi tù ú nínú ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sọ́jà nìkan ni a ń fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀. A kì í bi ẹni tó ń ṣọ́ ọjà léèrè bí ó ṣe rí lára tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdààmú olùṣọ́ náà, kó lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré, kó sì wo ẹgbẹ́ tó bá to ìdènà rẹ̀ sí 3-4.

Èèyàn 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tó ń dènà, mẹ́ta á lọ síwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kanlẹ̀. Mẹ́rin á dúró lóòró lẹ́yìn wọn: àwọn ni linebacker. Àwọn yòókù ń ṣọ́ ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí gbogbo wọn ń wá ni quarterback, ọ̀gá tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí géńdé márùn-ún ń dáàbò bò. Bí wọ́n bá to ìdènà sí 4-3, àwọn mẹ́rin tó fọwọ́ kanlẹ̀ náà ló sábà máa ń rọ́ lù ú. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí àṣírí níbẹ̀. Ní 3-4, mẹ́rin náà ló sábà máa ń wá, àmọ́ ta ni ẹnì kẹrin? Ó lè gba ọ̀tún, ó lè gba òsì, ó lè gba àárín. Kí quarterback tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣì í mọ̀, ilẹ̀ ló máa bára rẹ̀.

Olùkọ́ Chuck Fairbanks gbé ètò yìí dé ẹgbẹ́ New England ní 1974. Lọ́dún yẹn náà, Bum Phillips ń lò ó ní Houston. Ṣùgbọ́n Lawrence Taylor, linebacker tí New York Giants mú ní 1981, ló jẹ́ kí tẹrú-tọmọ mọ agbára rẹ̀. Ní 1986, òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta gbogbo líìgì yọ, oyè tí kì í sábà kan àwọn tó ń dènà.

Ẹjọ́ díẹ̀ wà tí mo fẹ́ rò lórí ìyìn yẹn. Láàárín àwọn mẹ́ta iwájú, ẹnìkan wà tí wọ́n ń pè ní nose tackle. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró, kí èèyàn méjì máa tì í, kó má sì yẹ̀. Casey Hampton, tó lé ní 140 kílò, ṣe é fún Pittsburgh láti 2001. Bí méjì bá ń bá a fà á, linebacker kan ti rí àyè nìyẹn. Bí ó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, alátakò á gbé bọ́ọ̀lù gba àárín kọjá, gbogbo ọgbọ́n àwọn mẹ́rin ẹ̀yìn á sì di asán. Ẹni tí kò rin ọ̀nà kankan ló ń lanà fún ẹlòmíì, orúkọ rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n bá ń ka iye ìgbà tí wọ́n dá quarterback dúbúlẹ̀.

Dick LeBeau, olùkọ́ ìdènà Pittsburgh, tún wá fi ata sí i: ẹni tó ṣe bí ẹni ń bọ̀ lè má wá mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2009, wọ́n ń gbá Super Bowl, ìdíje àṣekágbá líìgì náà, ní Tampa, ìsinmi ìlàjì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Pittsburgh ń fi 10 sí 7 síwájú, àmọ́ Arizona ti dé yáàdì kan péré sí ilé wọn. Ètò sọ pé kí James Harrison, linebacker Pittsburgh, rọ́ lu Kurt Warner, quarterback Arizona. Harrison ṣísẹ̀ síwájú bí ẹni ń lọ, ló bá fà sẹ́yìn, ó lọ dúró sí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Warner jù ú, ọwọ́ Harrison ló bọ́ sí. Ó gbé e sáré 100 yáàdì, òun àti ẹni tó ń lé e jọ ṣubú sórí ìlà òpin, ó sì na gbalaja síbẹ̀, kò lè mí dáadáa.

Àwọn kan ní oríire ni. Èmi ò gbà. Ní sáà yẹn, ìgbà 16 ni Harrison ti dá quarterback dúbúlẹ̀. Ká ní kì í wá lóòótọ́ ni, ta ni ì bá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ kún? Pittsburgh gba ife ẹ̀yẹ náà pẹ̀lú 27 sí 23. Àmì 7 ni eré yẹn àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá tẹ̀ lé e fi kún un.